Yíyan Òṣèré fún Fíìmù tí a Gbé Jáde Láti Inú Ìtàn Abàmì

Yíyan òṣèré ni iṣẹ́ tí olùdarí fíìmù máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń wá ẹni tí yóò gbé ìwà, ohùn àti ìrísí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan wọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ni ìtàn náà ti wá, iṣẹ́ náà máa ń le sí i, nítorí pé àwọn òǹkàwé ti ya àwòrán tiwọn sọ́kàn kí olùdarí tó dé. Ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìwé náà bá da ìtàn ìgbà àtijọ́ pọ̀ mọ́ ohun abàmì. Ọba tí ó wàjà ní tòótọ́ lè wà níbẹ̀, ẹbọra tí ojú kò rí rí lè wà níbẹ̀, kí ọdẹ kan sì máa rìn láàárín àwọn méjèèjì. Ojú tí olùdarí bá fún irú àwọn ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa rí títí ayé, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ tí wọn kò ní ka ìwé náà rárá.

Ìgbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ ni olú ẹ̀dá-ìtàn

Láàárín àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, a kò lè sọ pé wọ́n ń yan òṣèré ní ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, àwọn ìyàwó rẹ̀ a gba ipa obìnrin, àwọn ọmọ iṣẹ́ a sì pín ìyókù. Báyìí ni Dúró Ládiípọ̀ ṣe di Ṣàngó nínú Ọba Kò So, tí Abíọ́dún, aya rẹ̀, sì di Ọya. Báyìí náà ni Hubert Ògúndé ṣe ń ṣe babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà nínú àwọn fíìmù rẹ̀, bíi Aiyé tí ó jáde ní ọdún 1979. Ohun tí ó fa ètò yìí kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Owó ọkọ̀, owó aṣọ àti oúnjẹ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ ni ó sì ń pe èrò wá. Bí kò bá jáde sójú agbo, àwọn tí wọ́n sanwó ìwọlé yóò béèrè owó wọn.

Iṣẹ́ Kọ́lá Ògúnmọ́lá lórí ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, tí ilé-iṣẹ́ Faber tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù nínú ètò yẹn. Yunifásítì Ìbàdàn ni Ògúnmọ́lá ti ṣe é ní ọdún 1963 pẹ̀lú orúkọ Ọ̀mùtí, Demas Nwoko sì ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni Lànkẹ́, ẹni tí ó tẹ̀ lé adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú títí dé ìlú àwọn òkú. Ipa náà bá a mu dáadáa, nítorí pé ohùn rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ sì lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lè rò pé akọni líle ni Ọ̀mùtí. Ògúnmọ́lá fi hàn pé ẹlẹ́fẹ̀ ni, pé ẹ̀rín ni ó fi ń la ẹ̀rù já. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ka ìwé Tutùọlá kí wọ́n má gbọ́ ohùn Ògúnmọ́lá nínú rẹ̀.

Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀, àṣà yìí bá wọn wọ inú rẹ̀. Ìjà Òmìnira, fíìmù ọdún 1979 tí Ọlá Balógun darí, wá láti inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìwé ìtàn-àròsọ tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn tí wọ́n kọ ìsìnrú fún Olúmokò. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ni ó gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀, òun náà ni òṣèré pàtàkì inú rẹ̀. Ìtàn tí ó wà nínú ìwé Fálétí jẹ́ ti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọ́n jọ ń jìyà. Nígbà tí ẹni tí ó lówó lórí fíìmù bá dúró ní iwájú, kò sí bí ojú ẹ̀rọ kò ṣe ní máa tẹ̀ lé e, ìtàn ìlú a sì fẹ́ di ìtàn ọkùnrin kan.

Kéèlání àti àwọn tí ó ni iṣẹ́

Ọ̀nà mìíràn ni Túndé Kéèlání gbà. Nítorí pé kì í ṣe òṣèré, kò ní ipa kankan tí yóò fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, gbogbo ọ̀rọ̀ dá lórí ìlù kan tí ó ní agbára lórí adé: ọba tí kò bá mulẹ̀, bí wọ́n bá lu ìlù náà létí rẹ̀ nígbà tí adé wà lórí, orí yóò fọ́ ọ pa. Ẹni tí Kéèlání fi ṣe Àyángalú, onílù inú ìtàn náà, ni Àyántúnjí Àmọ̀ó, onílù gidi. Kọ́lá Oyèwọ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ eré ní yunifásítì, ṣe Lápité. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ṣe Ọ̀pálábá, àgbà tí ó ń fi òwe àti ewì bá ìlú sọ òótọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Bí a bá fi òṣèré tí kò mọ ìlù ṣe onílù, olùdarí yóò máa gé àwòrán sí wẹ́wẹ́: ojú rẹ̀ níhìn-ín, ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Òǹwòran tí ó ti gbé láàárín àwọn ọmọ Àyàn yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Agbára abàmì tí ìtàn sọ pé ó wà nínú ìlù yóò sì bá irọ́ náà lọ, nítorí pé ẹni tí kò gba ọwọ́ onílù gbọ́ kò lè gba pé ìlù rẹ̀ pa ọba. Ohun tí Kéèlání ṣe ni pé ó fi iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè fojú rí ṣe ìpìlẹ̀ fún idán tí a kò lè fojú rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Fálétí rí: ẹnu tí ó ti ń kéwì láti ọjọ́ pípẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí a ṣe ń dánu dúró nínú òwe.

Kéèlání kan náà ni ó darí Thunderbolt: Mágùn (2001), tí ó wá láti inú ìtàn kan tí Fálétí kọ. Níbẹ̀, Ngozi, ọmọ Igbo tí ó fẹ́ Yorùbá, ni wọ́n fi mágùn sí lára láìmọ̀. Uche Obi-Osotule ni ó ṣe ipa náà. Òkodoro ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé olú ẹ̀dá-ìtàn kò gbàgbọ́ nínú ohun tí ó wà lára rẹ̀, nítorí náà ó dára kí ojú òṣèré náà jẹ́ ti ẹni tí ó ti òde wá sínú àṣà, kí òǹwòran lè bá a kọ ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rù náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin Ọba

Ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba kò wá láti inú ìwé ìtàn-àròsọ bí kò ṣe láti inú eré onítàn, síbẹ̀ òun ni ó fi ìṣòro yíyan òṣèré hàn kedere jù lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Ní oṣù Kínní tí ó tẹ̀ lé e, Jinadu, Olókùn-Ẹṣin, fẹ́ bá ọba lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìjọba amúnisìn dí i lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ dípò baba. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn náà ṣe Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman tí ó jáde ní ọdún 1975, Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì tú u sí Yorùbá pẹ̀lú orúkọ Ikú Olókùn-Ẹṣin. Bíyì Bándélé ni ó wá sọ ọ́ di fíìmù fún EbonyLife ti Mo Abúdù. Bándélé kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ ṣàfihàn iṣẹ́ náà ní ayẹyẹ fíìmù Toronto. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ó dé orí Netflix.

A kò lè lóye àwọn tí Bándélé yàn láìrántí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ó darí Half of a Yellow Sun láti inú ìwé Chimamanda Adichie lórí ogun abẹ́lé. Gèésì ni wọ́n fi sọ ọ́, òṣèré láti Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó kó ipa pàtàkì. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà tí a gbọ́ pé Thandie Newton ni yóò ṣe Olanna, ọmọbìnrin Igbo, àwọn kan tilẹ̀ kọ ìwé ẹ̀hónú pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ẹ̀dá-ìtàn náà mu. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan náà mú eré tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dá a padà sí Yorùbá, ó sì fi àwọn òṣèré ilé ṣe é. Ọ̀dúnladé Adékọ́lá ṣe Ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ṣe Ìyálọ́jà, Déyẹmí Ọ̀kánlàwọ́n ṣe Olúńdé, ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó. Mark Elderkin àti Jenny Stead ni wọ́n ṣe Pilkings àti ìyàwó rẹ̀.

Èyí tí ó mú àríyànjiyàn wá jù ni Ọ̀dúnladé. Òṣèré apanilẹ́rìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Àwòrán ojú rẹ̀ pọ̀ lórí ẹ̀rọ alágbèéká débi pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìbéèrè tí a gbọ́dọ̀ bi ara wa ni pé: irú ènìyàn wo ni Ẹlẹ́ṣin? Ìjòyè ni, ó sì jẹ́ aláfẹ́. Ó fẹ́ràn ọjà, aṣọ olówó ńlá, obìnrin àti ìyìn. Ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó kú ni ó fẹ́ ìyàwó tuntun. Ẹni tí ayé dùn mọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ ni a ní kí ó fi ayé sílẹ̀. Òṣèré tí ojú rẹ̀ le láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè fi èyí hàn, nítorí pé òǹwòran kò ní rí ohun tí ó ń pàdánù. Ní ti èyí, yíyàn Bándélé tọ̀nà, ìdajì àkọ́kọ́ fíìmù náà sì jẹ́rìí sí i: Ọ̀dúnladé wọ inú ọjà bí ẹni tí ọjà ń dúró dè. Ibi tí ó ti jìn sí kòtò díẹ̀ ni ìran ìrìnàjò ẹ̀mí, níbi tí ara yóò wà láyé tí ọkàn yóò ti máa lọ. Irú ijó bẹ́ẹ̀ nílò ara tí a ti kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtàgé, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ti ní in. Eré orí fídíò, tí wọ́n máa ń yà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní èyí.

Yíyàn tí ó wù jù ni ti Olóhùn-iyọ̀, akígbe-oríkì tí ń sin Ẹlẹ́ṣin dé ẹnu bodè ìsálú-ọ̀run. Olórin ni Bándélé fún un: Ọláwálé Ọlọ́fọ̀ọ́rọ̀, tí a mọ̀ sí Brymo. Orúkọ ipa náà ti sọ ohun tí ó yẹ kí a wá. Olóhùn-iyọ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí wọ́n yá ohùn fún. Bí Brymo bá ti la ẹnu, òǹwòran mọ ìdí tí Ẹlẹ́ṣin fi lè rò pé ohùn yìí ni yóò gbé òun kọjá. Ìmọ̀ràn Kéèlání lórí onílù ni a tún rí níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùdarí mìíràn ni ó lò ó.

Ohùn àti ẹ̀ka-èdè

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aṣelámèyítọ́ kì í sábà fi ọwọ́ kàn. Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn náà sì ni House of Ga'a tí Bọ́lánlé Austen-Peters gbé jáde ní ọdún 2024, nínú èyí tí Fẹ́mi Branch ṣe Baṣọ̀run Gáà. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré wa ti ibi gbogbo wá. Adé Love jẹ́ ọmọ Agbamu ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Elòmíràn jẹ́ Èkìtì, tí ó ń pe ilé ní ulé tí ó bá wà láàárín àwọn ará rẹ̀. Èdè àjùmọ̀lò tí a kọ́ ní ilé-ìwé ni gbogbo wọn ń sọ níwájú ẹ̀rọ, ó sì máa ń mú kí ààfin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún dún bí ilé iṣẹ́ rédíò.

Ẹ jẹ́ kí a wo òǹwòran kan ní àdúgbò Crusher ní Lọ́kọ́ja, tí ó jẹ́ ọmọ Òkun, yálà Yàgbà, Owé, Bùnú, Ìjùmú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀. Ìkíni wọn, òkun, ni a fi ń pe gbogbo wọn. Ẹni yìí gbọ́ èdè àjùmọ̀lò yékéyéké, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn fíìmù tí ó gbajúmọ̀, tí ẹnì kan bá sọ irú ẹ̀ka-èdè bẹ́ẹ̀, ìránṣẹ́ tàbí ará oko tí a fẹ́ fi rẹ́rìn-ín ni. Ipa jagunjagun tàbí ọlọ́gbọ́n kì í sábà bọ́ sí i lọ́wọ́. Èyí náà wà lára yíyan òṣèré, nítorí pé ẹni tí a bá yàn ni ó ń pinnu irú Yorùbá tí etí àwọn ọmọ wa yóò kà sí ti àwọn akọni.

Orïsha ti Amẹ́ríkà

Ọ̀nà jíjìn ni ìtàn abàmì Yorùbá rìn kí ó tó dé ọwọ́ Hollywood. Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2018, kò wá láti inú ìtàn kan pàtó. Ilẹ̀ tí ó dá sílẹ̀ ni ó pè ní Orïsha, àwọn òrìṣà àti ọfọ̀ Yorùbá ni ó sì fi kọ́ ọ. Gina Prince-Bythewood, tí ó darí The Woman King, ni olùdarí fíìmù náà fún Paramount, wọ́n sì dá oṣù Kínní ọdún 2027 fún ìgbéjáde rẹ̀.

Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Thuso Mbedu láti Gúúsù Áfíríkà ni olú ẹ̀dá-ìtàn, Zélie. Damson Idris àti Tosin Cole, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀. Chiwetel Ejiofor ni ọba, Viola Davis ni Mama Agba, Idris Elba sì ni Lekan. Wọ́n mú àwọn òṣèré mìíràn láti Nàìjíríà, Richard Mofe-Damijo sì wà lára wọn. Ariwo tí ó bá ìkéde náà dé pín sí méjì. Àwọn kan bínú sí bí wọ́n ṣe fi Amandla Stenberg, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ṣe Amari, nígbà tí àwọ̀ ara jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ìwé náà fi ya ọlọ́lá sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ̀kúnnù. Àwọn mìíràn béèrè ìdí tí àwọn tí èdè náà jẹ́ tiwọn kò fi wà ní iwájú.

Ẹ̀hónú kejì yìí nílò ìtọ́jú. Bí a bá ní ọmọ Yorùbá nìkan ni ó lè ṣe Yorùbá, Uche Obi-Osotule kò ní ṣe Ngozi nínú ìtàn Fálétí, àwọn ọmọ Bàhíà ní Brazil, tí wọ́n ń bọ Ṣàngó láti ayébáyé, kò sì ní ní ìpín. Ohun tí ó tọ́ láti béèrè kéré jù bẹ́ẹ̀, ó sì le jù bẹ́ẹ̀: ta ni yóò kọ́ òṣèré náà ní ohùn ọfọ̀? Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọfọ̀ sì ń fi ìró ọ̀rọ̀ kan pe òmíràn jáde, débi pé tí ohùn bá yí, ìsopọ̀ tí ó gbé agbára rẹ̀ ti já. Òǹwòran ní Los Angeles kò ní mọ̀. Àwọn tí ó wà ní Ìlọrin àti Òṣogbo yóò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Fágúnwà àti ìbéèrè tí ó kù

Ogún Fágúnwà ni gbogbo èyí ń padà sí. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti wà láti ọdún 1938, Wálé Ògúnyẹmí sì fi ìrìnàjò inú rẹ̀ ṣe Láńgbòdó tí wọ́n ṣe ní FESTAC ọdún 1977. Níbẹ̀ ni a ti rí Olóhùn-iyọ̀ mìíràn, ọ̀kan lára àwọn ọdẹ tí wọ́n jọ lọ sí Òkè Láńgbòdó, orin ni ó sì jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù náà ti mọ ibi tí yóò ti wá a.

Ti Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, ṣòro. Kọ̀ǹpútà lè ya ojú mẹ́rìndínlógún láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n Àgbákò ń bá ènìyàn jà bí ẹni ń jẹ̀kadì, nítorí náà ara òṣèré kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ gbogbo ojú wọ̀nyẹn, ara eléré tí ó mọ ìwúwo ìṣubú. Alágbára tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni yóò dára jù, tí a ó sì wá àgbà eléré kan, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, láti sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó ní.

Àkàrà-ògùn ni ìṣòro gidi. Nínú ìwé, arúgbó ni ó wá bá òǹkọ̀wé tí ó ní kí ó mú kálámù àti ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó sì jẹ́ nínú igbó. Bí olùdarí bá lo òṣèré méjì, òǹwòran lè gbàgbé pé ẹnì kan náà ni. Bí ó bá lo ọ̀dọ́ tí a fi àtíkè sọ di arúgbó, ohùn yóò tú u fó, nítorí pé ọfọ̀ tí ọ̀dọ́ ń pè nínú igbó kò gbọdọ̀ dún bí ìgbà tí àgbàlagbà ń rántí rẹ̀ lórí àga. Ògúnmọ́lá ìbá mú un láìronú, ọ̀gá ẹgbẹ́ ni, yóò sì ṣe méjèèjì. Olùdarí òde òní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àgbà náà, ẹni tí ó mọ ìtàn sọ, kí ó tó wá wá ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ bí ó ṣe ń mí, bí ó ṣe ń dánu dúró, àti ibi tí ó ti máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dárúkọ ikú.